Etí Ọ̀sà Àgbádárìgì àti Ìtàn Ìwé Kíkọ ní Èdè Yorùbá

Ìfáárà

Àwọn ìlú kéékèèké kan wà ní ayé tí ó jẹ́ pé bèbè omi wọn ni àwọn ènìyàn ń lọ láti rántí àwọn òǹkọ̀wé. Ní Staraya Russa, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ilé tí Dostoevsky rà ní 1876 ṣì wà létí odò Pererytitsa. Ilé náà ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn àlejò a sì máa rìn lẹ́bàá odò náà nítorí pé ìlú yìí ni òǹkọ̀wé náà wò kọ ìlú tí ó wà nínú The Brothers Karamazov. Ohun tí ó mú irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rọrùn ni pé èdè òǹkọ̀wé, èdè ìlú, àti èdè ọ̀pọ̀ àwọn tí ń rìn níbẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ní etí ọ̀sà Àgbádárìgì, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà etí ọ̀sà Àgbádárìgì, èyí tí wọ́n ń pè ní Màrínà, kò gùn púpọ̀. Ẹni tí ó bá rìn ín yóò rí ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì, èyí tí wọ́n ń ka ọdún rẹ̀ sí 1845. Yóò rí ọgbà Ṣẹ́ríkì Abass, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú pamọ́ nígbà kan rí. Yóò rí ọ́fíìsì àtijọ́ ti ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, tí ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 2002, yóò sì rí èbúté tí ọkọ̀ ti ń gbé ènìyàn kọjá sí Gberefu. Àlàyé méjì ni àlejò sábà máa ń gbọ́ ní ojú ọ̀nà yìí: ọ̀kan jẹ́ ti òwò ẹrú, èkejì sì jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì. Nínú àlàyé kejì ni gbólóhùn kan ti máa ń jáde léraléra, pé inú ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì náà ni Samuel Àjàyí Crowther ti túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá.

Gbólóhùn yìí ni iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò. Èrò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni pé ipa tí Àgbádárìgì kó nínú ìtàn ìwé Yorùbá tóbi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ipa tí wọ́n máa ń kà sí i lọ́rùn. Etí ọ̀sà náà kì í ṣe ibi tí ìwé ńlá kan ti parí. Ibi ìdúró ni, níbi tí àwọn tí ó ti mọ ìwé ti dúró láàárín àwọn tí ń sọ èdè náà. Àwọn tí ó gbà wọ́n lálejò kì í sì í ṣe elédè Yorùbá ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Bí a bá fi ìdí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí pamọ́, ìyìn tí a ń fún ìlú náà yóò di ìyìn tí kò kan án.

Etí ọ̀sà gẹ́gẹ́ bí ojú ìlú

Àgbádárìgì kò fi ojú kan òkun. Ọ̀sà ni ó wà níwájú rẹ̀. Ní òdìkejì ọ̀sà ni ilẹ̀ oníyanrìn tóóró kan wà, lẹ́yìn náà ni òkun. Nítorí náà, ìpele mẹ́ta ni ìrìn àtòkun-wọ̀lú máa ń ní. Èrò yóò kọ́kọ́ fi ọkọ̀ kékeré la ìgbì òkun já dé èbúté. Yóò fi ẹsẹ̀ rin orí yanrìn kọjá. Lẹ́yìn èyí ni yóò wọ ọkọ̀ alájẹ̀ tí yóò gbé e kọjá ọ̀sà wọ ìlú. Bí ìlú ṣe tò lẹ́bàá ọ̀sà ni àlejò yóò kọ́kọ́ fojú rí.

Àwọn Ògù, tí Yorùbá ń pè ní Ègùn, ni ó ni ìlú náà. Èdè wọn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èdè Gbè, ó sì súnmọ́ Fọ̀n àti Ewe ju bí ó ti súnmọ́ Yorùbá lọ. Ìtàn àtẹnudẹ́nu so orúkọ ìlú mọ́ àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Agbedeh. Àwọn òpìtàn tí ó yẹ ìwé àwọn oníṣòwò òyìnbó wò so ìdàgbàsókè rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èbúté òwò mọ́ Huntokonu, oníṣòwò ará Dọ́ọ̀ṣì kan tí ó tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí 1736. Àdúgbò mẹ́jọ ni ìlú náà ní, olúkúlùkù wọn ní olóyè tirẹ̀, òwò olóyè kọ̀ọ̀kan sì máa ń so ó pọ̀ mọ́ àwọn òyìnbó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Dàhòmì fọ́ ìlú náà ní 1784, ṣùgbọ́n ó tún gbérí. Òwò tí ó gbé e ró nígbà náà ni òwò ẹrú.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ìlú àti òkun, òun náà sì ni àwọn ẹrú gbà jáde. Láti ọjà àti láti inú àwọn àgbàlá tí wọ́n ti ń dè wọ́n, wọn a kó wọn wá sí etí ọ̀sà, wọn a wa ọkọ̀ gbé wọn kọjá, wọn a sì mú wọn rin orí yanrìn lọ bá ọkọ̀ ńlá. Gbogbo ẹni tí ó kọ̀wé nípa Àgbádárìgì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó tọ ipasẹ̀ yìí kan náà, wọn ìbáà máa wọlé, wọn ìbáà máa jáde.

Àwọn arìnrìn-àjò tí ó kọ ìwé, 1825 sí 1832

Hugh Clapperton gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní òpin oṣù Kọkànlá ọdún 1825. Richard Lander, ìránṣẹ́ rẹ̀, wà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá lọ sí Sókótó, níbi tí Clapperton kú sí ní oṣù Kẹrin 1827. Lander nìkan ni ó padà dé etí òkun, ní Àgbádárìgì kan náà. Nínú ìròyìn tí òun fúnra rẹ̀ kọ, ó ní àwọn oníṣòwò Potogí tí ń bẹ ní ìlú sọ fún ọba àti àwọn ìjòyè pé amí ni òun, wọ́n sì mú kí òun mu omi ìbúra tí ó ní májèlé nínú kí wọ́n lè mọ òtítọ́. Kò kú. Ọkọ̀ òyìnbó kan ni ó wá gbé e lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1828.

Ìwé ìrìn-àjò Clapperton jáde ní 1829, ti Lander sì tẹ̀ lé e ní 1830. Ní oṣù Kẹta 1830 kan náà, Lander àti John àbúrò rẹ̀ tún gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì láti wá ibi tí odò Ọya ti ń ṣàn wọ òkun. Ìwé wọn lórí ìrìn-àjò yẹn jáde ní 1832. Báyìí ni orúkọ Àgbádárìgì ṣe wọ ilé àwọn tí ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù kí ìwé Yorùbá kan tó wà ní ìlú náà.

Ó yẹ kí òpìtàn fi ìṣọ́ra ka àwọn ìwé wọ̀nyí. Ẹni tí wọ́n fún ní májèlé kò lè fi ojú rere kọ̀wé nípa ìlú tí wọ́n ti fún un. Síbẹ̀, àwọn ìwé náà jẹ́rìí sí ohun kan tí ó ṣe pàtàkì sí iṣẹ́ yìí. Ọba tí àwọn òyìnbó náà bá ní Àgbádárìgì ni Adélé, ọba Èkó tí ó wà ní ìgbèkùn níbẹ̀ láti nǹkan bí 1821. Ó hàn gbangba nígbà náà pé èdè Yorùbá ti ní ibùjókòó kan ní ìlú àwọn Ògù kí míṣọ́nnárì kankan tó dé. Ìṣèlú Èkó ni ó gbé e wá, kì í ṣe ìwé.

Àwọn tí ó padà bọ̀, 1839 sí 1846

Láti 1839 ni àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, tí wọ́n sì ti ń gbé ní Sàró, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọkọ̀ láti padà wá sí ilẹ̀ baba wọn. Nítorí ìyà tí ó jẹ àwọn kan nínú wọn ní Èkó, Àgbádárìgì di ẹnu ọ̀nà wọn sí Abẹ́òkúta. Ọ̀kan nínú wọn, James Ferguson, kọ lẹ́tà láti Àgbádárìgì ní 1841, ó bẹ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Freetown pé kí wọ́n rán olùkọ́ sí àwọn. Òyìnbó sábà máa ń jẹ́ olórí nínú ìtàn yìí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà ọmọ Sàró ni ó ṣáájú ẹsẹ̀ òyìnbó.

Thomas Birch Freeman ni ó dáhùn ìpè náà. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Áfíríkà, ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Gẹ̀ẹ́sì. Ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹsàn-án 1842, pẹ̀lú William de Graft, ọmọ Fanti. Ní oṣù Kejìlá, ó gun òkè lọ kí Ṣódẹkẹ́ ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí ó fi padà sí Àgbádárìgì kí Kérésìmesì tó dé, Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. ti gúnlẹ̀ síbẹ̀ láti Freetown. Ó tọ́ kí a kíyè sí èyí, nítorí pé ní ibi ìrántí igi Agia, igi tí ó wó ní 1959, orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n máa ń dà pọ̀ mọ́ ìwàásù oṣù Kẹsàn-án. Freeman ni ó ni oṣù Kẹsàn-án. Oṣù Kejìlá ni Townsend dé. De Graft ni ó dúró ní ìlú, tí ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ìwé tí Freeman kọ lórí ìrìn-àjò rẹ̀ jáde ní 1844. Aku ni ó pe ilẹ̀ Yorùbá nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pè é ní Sàró.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìíní 1845 ni ẹgbẹ́ C.M.S. gúnlẹ̀: Townsend, Charles Andrew Gollmer tí ó jẹ́ ọmọ Jámánì, àti Crowther. Wọ́n kó ìdílé wọn dání. Lójú òpìtàn, kò sí ẹni tí ìrìn orí yanrìn yẹn wúwo fún tó Crowther. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn; ní oṣù Kẹrin 1822 ni wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ ẹrú ní Èkó, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀. Lẹ́tà tí ó kọ ní 1837 láti ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí wà lára àkọsílẹ̀ tí ó níye lórí jù lọ tí ọmọ Yorùbá kọ nípa oko ẹrú. Ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú gba etí òkun lọ ni ó gba etí òkun padà wá yìí, ní àlùfáà àti ní òǹkọ̀wé, ní ìlú tí òwò ẹrú kò tíì kúrò nínú rẹ̀.

Ohun tí wọ́n bá nílẹ̀ kò rọrùn. Ṣódẹkẹ́ tí ó pè wọ́n ti kú. Àwọn Ẹ̀gbá sì gbógun ti Adó, ogun náà sì dí ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ìyàwó Gollmer kú ní Àgbádárìgì ní ọdún yẹn gan-an. Nǹkan bí oṣù méjìdínlógún ni wọ́n fi dúró létí ọ̀sà. Ní òpin oṣù Keje 1846 ni Townsend àti Crowther tó rí ọ̀nà gbà, wọ́n sì wọ Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹjọ. Ní oṣù yẹn kan náà ni Crowther tún fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àti Bíbélì

Ǹjẹ́ inú ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni Crowther ti túmọ̀ Bíbélì? Ọdún àti oṣù fúnra wọn tó láti dáhùn. Crowther lo oṣù méjìdínlógún ní Àgbádárìgì. Apá kìíní nínú ìtumọ̀ rẹ̀, Ìwé Róòmù, jáde ní 1850, nígbà tí ó ti wà ní Abẹ́òkúta fún ọdún bíi mẹ́rin. Ìyìn Rere Lúùkù àti Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì tẹ̀ lé e ní 1851. Odindi Bíbélì kò parí títí di 1884, ó sì ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá. Thomas King, tí òun náà jẹ́ ọmọ Sàró, ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Townsend, David Hinderer àti àwọn mìíràn náà fi ọwọ́ sí i. Iṣẹ́ tí ó gba nǹkan bí ogójì ọdún kò lè parí sínú yàrá kan.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Àgbádárìgì ni kíkọ Yorùbá sílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní Freetown ni John Raban ti kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sínú ìwé pẹlẹbẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1830. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther kọ jáde ní 1843. Ní oṣù Kìíní 1844 ni ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown, ọdún kan gbáko ṣáájú kí ó tó tẹ yanrìn Àgbádárìgì.

Kí wá ni Àgbádárìgì fi kún un? Ìdáhùn wà láàárín ìwé méjì. Crowther tún ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti 1843 ṣe, ó sì jáde ní 1852 pẹ̀lú gírámà àti ọ̀rọ̀ àkọ́sọ láti ọwọ́ Vidal, bíṣọ́ọ̀bù Sàró. Èkejì tóbi ju èkíní lọ dáadáa, òwe sì pọ̀ nínú rẹ̀. Yorùbá ti 1843 jẹ́ èdè àwọn tí wọ́n já gbà ní orí òkun, tí wọ́n wá láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n sì ń fi ìrántí gbé èdè wọn ró ní ilẹ̀ àjèjì. Yorùbá ti 1852 jẹ́ èdè tí òǹkọ̀wé gbọ́ lẹ́nu àwọn tí kò kúrò nílé rí. Àgbádárìgì ni ibùdókọ̀ àkọ́kọ́ láàárín àwọn méjèèjì. Níbẹ̀ ni Crowther ti kọ́kọ́ gbé, tí ó wàásù, tí ó sì bá Ẹ̀gbá oníṣòwò, ará Èkó, àti àwọn tí ogun lé kúrò nílé sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógún tí ó ti fi ilẹ̀ Yorùbá sílẹ̀. Kí ó tó lè gbọ́ èdè Abẹ́òkúta, etí ọ̀sà ni etí rẹ̀ ti tún là sí èdè ilé.

Ìwúlò yìí kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ìwúlò ìdúró ni, kì í ṣe ti ìparí. Àwọn amọ̀nà tí ń sọ pé inú ilé náà ni Bíbélì ti jáde ń gbìyànjú láti bu ọlá fún ìlú wọn, síbẹ̀ wọ́n gbàgbé pé sùúrù oṣù méjìdínlógún, pẹ̀lú ikú àti ogun lójú ọ̀nà, jẹ́ ọlá tí ó dá dúró fúnra rẹ̀.

Èdè ìlú àti èdè ìwé

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í jáde rárá létí ọ̀sà. Pópó ni àwọn míṣọ́nnárì máa ń pe àwọn Ògù àti èdè wọn. Abẹ́òkúta ni ọkàn wọn wà, wọ́n sì ka Àgbádárìgì sí ibùsọ̀ lásán. Èdè tí wọ́n ti ní ìwé fún, tí wọ́n ní àlùfáà ọmọ onílẹ̀ fún, tí àwọn Sàró ń sọ, ni Yorùbá. Nítorí náà, ní ìlú tí èdè Ògù ni èdè ààfin àti ti ojúbọ Vlekete, èdè Yorùbá ni ó kọ́kọ́ wọ inú ìwé. Odindi Bíbélì ní èdè Gùn kò jáde títí di ọ̀rúndún ogún.

Kò tọ́ kí a sọ èyí di ẹ̀sùn kan Crowther. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni ó ń jẹ́, èdè ìyá rẹ̀ sì ni ó fi ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí òpìtàn rí i pé ohun kan náà tí ó sọ Àgbádárìgì di orúkọ nínú ìtàn ìwé Yorùbá ni ó mú kí èdè Àgbádárìgì fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn. Nígbà tí T. Ola Avoseh, ọmọ ìlú náà, kọ ìtàn kúkúrú ti Àgbádárìgì ní 1938, ó kó ìtàn tí àwọn àgbà ìlú ń sọ wọ inú ìwé. Ìwé náà ń sọ fún òǹkàwé pé ìlú náà ní ìtàn tirẹ̀ kí àlejò kankan tó dé. Ẹni tí ó bá ń ka àwọn òǹkọ̀wé etí ọ̀sà, tí kò ka Avoseh mọ́ wọn, àlejò nìkan ni ó kà.

Bí ojú ìlú ṣe di ẹ̀yìn ìlú

Akíntóyè, ọba Èkó tí Kòsọ́kọ́ lé kúrò lórí oyè ní 1845, wá sá sí Àgbádárìgì. Ìjà àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ àti àwọn tí ó wà lẹ́yìn Kòsọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 1851, apá púpọ̀ nínú ìlú sì jóná. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá fọ́ Èkó, tí wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti yí. Gollmer kó lọ sí Èkó ní 1852. Àwọn oníṣòwò àti àwọn Sàró náà tẹ̀ lé ọ̀nà yìí. Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859 láti ọwọ́ Townsend. Ní 1863, Àgbádárìgì di ara ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso láti Èkó, ìwé kíkọ sì ti ré kọjá rẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀sà ṣì ni ọ̀nà Èkó fún ìgbà pípẹ́, etí ọ̀sà sì ni ojú ìlú. Ohun tí ó yí èyí padà ni ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1970. Lẹ́yìn rẹ̀, àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí ilẹ̀ wọ ìlú, ọ̀sà ni ó sì ń dé gbẹ̀yìn. Ìyípadà yìí kan bí a ti ń ka ìtàn. Clapperton, Freeman àti Crowther bá ọ̀sà pàdé kí wọ́n tó bá ìlú pàdé. Ẹni tí ó bá wọkọ̀ wá lónìí ń ka ìwé náà láti ẹ̀yìn wá sí iwájú: ó ń rí ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kí ó tó rí omi, ó sì rọrùn fún un láti rò pé inú ilé ni ohun gbogbo ti ṣẹlẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìwé tí wọ́n kọ nípa Àgbádárìgì ṣáájú ìwé tí wọ́n kọ níbẹ̀. Pé lẹ́tà ọmọ Sàró kan ni ó pe àwọn míṣọ́nnárì. Pé odindi Bíbélì Yorùbá kò jáde láti inú ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì náà. Àti pé ohun tí etí ọ̀sà fún ìwé Yorùbá ni ààyè láti gbọ́ èdè náà lákọ̀tun, ní ilé àwọn ẹlòmíràn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Orísun ìwé Yorùbá pọ̀ ju ẹyọ kan lọ: Òṣoògùn wà nínú rẹ̀, Freetown wà nínú rẹ̀, Abẹ́òkúta wà nínú rẹ̀. Àgbádárìgì náà wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlú Ògù tí ó gba elédè mìíràn lálejò. Bí wọn yóò bá tún àlàyé ọ̀nà etí ọ̀sà kọ, èdè Ògù ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kí Yorùbá tó tẹ̀ lé e.